Àwọn Olórí Ogun Nínú Ìwé: Ẹjọ́ Ta Ni A Ó Gbọ́?

   

Ẹ ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé wa tí ó kọjá. A kò tíì gbàdúrà ìparí tí àwọn ọ̀dọ́ wa méjì fi bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa, èyí tí a jà láti 1967 títí di 1970. Ọ̀kan ní Ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé ni ó ṣẹ́ ogun náà, pé ẹlòmíràn kàn wá kó èrè iṣẹ́ rẹ̀ ni. Èkejì ní irọ́ ni, pé Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni ó tún ohun tí ó ti bàjẹ́ ṣe, tí ó sì parí ogun. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè, a rí i pé olúkúlùkù wọn ti ka ìwé kan ṣoṣo. Síbẹ̀ díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n di ara wọn lẹ́wù mú.

Bí ariwo náà ti ń lọ lọ́wọ́, bàbá aránṣọ tí ó kó aṣọ ẹgbẹ́ wa wá dúró sí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wa mọ̀ pé ọmọ Ìgbò ni bàbá náà. Ó gbé aṣọ wa sórí tábìlì, kò dúró gba owó, ó sì jáde lọ. Nígbà tí a lọ bá a ní ọjọ́ kejì láti bẹ̀ ẹ́, a rí i pé kò bínú. Ó ní òun fetí sílẹ̀ dáadáa, gbogbo orúkọ ọ̀gágun ni àwọn ọmọ wa dá, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ orúkọ bàbá òun, tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin kúrò ní ìlú yìí ní 1966, tí kò sì padà wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára púpọ̀. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi ní kí a sọ̀rọ̀ lónìí lórí àwọn ìwé tí a kọ nípa àwọn olórí ogun abẹ́lé, ìbáà ṣe ìwé ìtàn, ìbáà ṣe ìwé àròsọ, kí a lè mọ bí ó ti yẹ kí a máa kà wọ́n ní ìlú tí a kò dá nìkan gbé.

ỌMỌ KÀDÚNÁ MÉJÌ

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Púpọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ pé Kàdúná níhìn-ín ni wọ́n bí Benjamin Adékúnlé sí, ní 1936. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ọmọ Bachama ni ìyá rẹ̀. Ọmọ àjò ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí ó jókòó níwájú wa yìí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1937, wọ́n bí ọmọkùnrin mìíràn ní Kàdúná kan náà. Òkpánám ní apá ìwọ̀-oòrùn odò Ọya ni àwọn òbí tirẹ̀ ti wá. Chukwuma Nzeogwu ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú yìí pàápàá ni wọ́n fi ń pè é: Kaduna Nzeogwu.

Ọmọ àjò méjì ni wọ́n, ìlú kan náà ni wọ́n ti fojú kan ayé, àwọn méjèèjì sì wọ iṣẹ́ ológun. Ní òru ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, Nzeogwu ni ó ṣáájú àwọn tí ó dìtẹ̀ ní Kàdúná. Ní òru náà ni a pa Sir Ahmadu Bello, Sàdáúnà Sókótó, olórí ìjọba Òkè Ọya. Ní òru náà sì ni a pa ọmọ Yorùbá méjì tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ológun níhìn-ín, Bìrìgédíà Samuel Adémúlẹ́gùn, ọmọ Oǹdó, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, àti Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ralph Ṣódẹíndé. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967, ọmọ Kàdúná kan wà ní ìhà Bìáfúrà, èkejì wà ní ìhà ìjọba àpapọ̀. Nzeogwu kú sójú ogun ní ìtòsí Nsukka nínú oṣù náà gan-an. Kàdúná ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sin, pẹ̀lú ẹ̀yẹ ológun.

Tí ẹ bá fẹ́ ka ìtàn Nzeogwu, ìwé wà. Adéwálé Adémóyèga, ọmọ Yorùbá tí ó wà nínú àwọn tí ó gbìmọ̀ pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kọ Why We Struck ní 1981. Ben Gbulie, tí òun náà wà nínú ìdìtẹ̀ náà ní Kàdúná, kọ tirẹ̀ ní ọdún kan náà. Ọbásanjọ́, tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, kọ ìwé kan ní 1987 tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Nzeogwu. Ẹ kíyè sí i: alábàáṣe ni méjì nínú wọn, ọ̀rẹ́ ni ẹ̀kẹta. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ohun tí a lè kọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí òru náà jẹ́ fún àwọn ọmọ Adémúlẹ́gùn, tàbí fún àwọn ará ilé Sàdáúnà, kò lè rí gbogbo rẹ̀ níbẹ̀.

ẸJỌ́ ẸNU ẸNI

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ìwé tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Adékúnlé ni ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kẹta, àwọn tí a ń pè ní Marine Commando. Wọ́n gba Bonny ní oṣù keje ọdún 1967, wọ́n gba Calabar ní oṣù kẹwàá, wọ́n sì gba Port Harcourt ní oṣù karùn-ún ọdún 1968. Òkìkí rẹ̀ kàn débi pé wọ́n ń pè é ní Àkeekèé Dúdú. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 1969, Owerri, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti gbà, tún bọ́ padà sọ́wọ́ Bìáfúrà. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba mú un kúrò, wọ́n sì fi Ọbásanjọ́ rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1970 ogun parí. Ọjọ́ 15 oṣù náà ni Bìáfúrà fọwọ́ sí i pé ó tán, ọdún mẹ́rin gééré sí òru tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọbásanjọ́ ni ó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ó kọ My Command ní 1980, lẹ́yìn tí ó ti ṣe olórí ìjọba tí ó sì ti gbé e sílẹ̀. Ó sọ nínú rẹ̀ pé àárẹ̀ ti mú àwọn ọmọ ogun náà nígbà tí òun dé. Adékúnlé dákẹ́ pẹ́ títí. Ọdún 2004 ni ìwé tirẹ̀ tó jáde, The Nigeria Biafra War Letters. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 2014, ó di ẹni àná. Ní 2013, Ọ̀gágun Godwin Alabi-Isama, tí ó ti bá Adékúnlé ṣiṣẹ́ ní ojú ogun, kọ ìwé ńlá kan, The Tragedy of Victory, tí ó kún fún àwòrán àti àwòrán ilẹ̀, ó sì fi ta ko ohun tí Ọbásanjọ́ kọ. Ní ìhà kejì, Alexander Madiebo, tí ó jẹ́ ọ̀gá àwọn ọmọ ogun Bìáfúrà, ti kọ tirẹ̀ ní 1980, ó sì ṣàlàyé ìdí tí agbára wọn fi pin.

Ǹjẹ́ ta ni ó parọ́ nínú wọn? A kò dúró níbí láti dá ẹjọ́ náà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mo kọ̀. Ọ̀gágun tí ó bá kọ ìwé, ẹjọ́ ara rẹ̀ ni ó ń rò. Ó lè má parọ́ rárá, síbẹ̀ ibi tí ó ti ṣe dáadáa ni yóò gbòòrò, ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni yóò ṣe ṣókí. Ní 1968 àwọn oníwèé ìròyìn òkèèrè gbé ọ̀rọ̀ líle kan jáde pé láti ẹnu Adékúnlé ni ó ti wá, lórí oúnjẹ àti ebi ní ilẹ̀ Bìáfúrà. Ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ yóò fẹ́ kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú lọ́wọ́ ebi kò lè gbàgbé. Àwọn àgbà wa ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀dọ́ wa tí ó ka ìwé kan tí ó sì fi bá ẹnìkejì rẹ̀ jà, àgbà òṣìkà ni ó fẹ́ dà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé.

OGUN ÀWỌN BABA WA

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ti àwọn ẹlòmíràn nìkan ni ogun abẹ́lé. Àwa Yorùbá ti fi gbogbo ọgọ́rùn-ún ọdún kan jẹ ara wa níyà. Nínú yàrá yìí a ní ará Ìbàdàn, a ní ará Ẹ̀gbá, a ní Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, ìbọn ni à bá fi kí ara wa.

Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Ìbàdàn gbà kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó wà ní Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá ọba kú. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ìbíkúnlé tí í ṣe Balógun àti Ògúnmọ́lá ni wọ́n kó ogun Ìbàdàn lọ, Ẹ̀gbá sì wá gbe Ìjàyè lẹ́yìn. Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní 1862. Àwọn tí kò kú tí a kò sì kó lẹ́rú sá lọ sí Abẹ́òkúta.

Àlùfáà Samuel Johnson kọ ìtàn yìí nínú ìwé The History of the Yorubas. Ìbàdàn ni ó gbé ní kékeré, nígbà tí ogun náà ń lọ. Nínú ìwé tirẹ̀, òǹrorò ni Kúrunmí, ẹni tí gbogbo Ìjàyè ń wárìrì fún. Lẹ́yìn náà, Ọlá Rótìmí kọ eré tí ó pè ní Kurunmi. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1969, nígbà tí ogun Bìáfúrà kò tíì tán, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1971. Nínú eré náà, bàbá arúgbó ni Kúrunmí, agídí ni, ṣùgbọ́n ó gbà pé òun ń dáàbò bo àṣà, ó sì wòran títí ogun fi pa àwọn ọmọ rẹ̀ tán, kí ó tó gbé májèlé mu. Ẹni tí ó ka Johnson nìkan kò ní ṣàánú rẹ̀. Ẹni tí ó wo eré nìkan lè gbàgbé pé àwọn ará ìlú ni ó san owó agídí náà.

Bákan náà ni ti Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá ka eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí ó jáde ní 1970, yóò kórìíra rẹ̀ nítorí ìwà tí ó hù sí àwọn ẹrú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka Johnson pẹ̀lú, ẹ ó rí i pé ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòóṣà fi kàn án ní 1874 kò mẹ́nu kan ẹrú rárá: wọ́n ní kò bá òun lọ sógun, kò fi ìpèsè ránṣẹ́ sí òun, kò sì wá pàdé òun nígbà tí òun bọ̀. Ọ̀rọ̀ ogun àti ọ̀rọ̀ ọlá ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ sì ti kọ nípa obìnrin yìí gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ńlá àti olóyè tí agbára rẹ̀ ká ìlú. Obìnrin kan náà ni.

Johnson fúnra rẹ̀, àgbà olùkọ̀tàn ni, kò sí ẹni tí ó lè gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ó tilẹ̀ ń gbé iṣẹ́ àlàáfíà láàárín ibùdó ogun nígbà Kírìjì, ogun tí a jà láti 1877 títí di 1893. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni ó ti ń wo ayé. Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó ka ìwé rẹ̀ máa ń sọ pé Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi kò rí àyè tó. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Akíntóyè, ọmọ Èkìtì, kọ tirẹ̀ jáde ní 1971, a wá rí ogun náà láti orí òkè kejì. A kò sun ìwé Johnson nítorí èyí. A kó méjèèjì sórí pẹpẹ kan náà. Ohun tí a ṣe fún ara wa nìyẹn, tí Ìjẹ̀ṣà àti ará Ìbàdàn fi lè jọ jókòó ní ìpàdé yìí láìsí ìjà. Ó yẹ kí a ṣe é fún àwọn aládùúgbò wa pẹ̀lú.

OHUN TÍ ÌWÉ ÀRÒSỌ Ń ṢE

Àwọn kan nínú àwọn àgbà wa máa ń sọ pé irọ́ ni ìwé àròsọ, pé àkókò ẹni ni ó ń fi ṣòfò. A fi ọ̀wọ̀ sọ pé a kò gbà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ wá ọjọ́ àti oṣù nínú ìwé àròsọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àwọn ọ̀gágun, ọmọ ogun jẹ́ iye, wọn kì í ní orúkọ. Ìwé àròsọ ni ó máa ń fún wọn ní orúkọ.

Ken Saro-Wiwa kọ Sozaboy ní 1985. Ọmọ ẹ̀yìn awakọ̀ ni ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí, ó wọ iṣẹ́ sójà láìmọ ohun tí ogun jẹ́. Chimamanda Adichie kọ Half of a Yellow Sun ní 2006. Ọdún méje lẹ́yìn tí ogun parí ni wọ́n bí i, ogun náà sì pa bàbá bàbá rẹ̀ àti bàbá ìyá rẹ̀. Nínú ìwé yìí, Ojukwu kọ́ ni ìtàn náà dá lé lórí. Àwọn tí a mọ̀ ni olùkọ́, ìyàwó ilé, àti Ugwu ọmọ ọ̀dọ̀, tí wọ́n fipá mú wọ iṣẹ́ ológun, tí òun náà sì ṣe ohun tí ojú ń tì í láti sọ. Òǹkọ̀wé náà kò fi gbogbo ẹ̀bi sí ìhà kan kí ó sì fi gbogbo ẹwà sí ìhà tirẹ̀. Ó mú wa dé Kano ní 1966, ó sì mú wa wọ ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú àwọn tí ń sá lọ. Àwa tí a mọ ojú irin yìí, tí àwọn bàbá wa sì ti inú ọkọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí Òkè Ọya, kò yẹ kí a ka ojú ìwé yẹn kí a sì ṣí i kọjá.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a kò ní kí ẹ má kàwé. Ẹ kà á sí i ni a wí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mú ìwé ogun lọ́wọ́, ẹ béèrè ohun mẹ́ta.

Èkínní, níbo ni ẹni tí ó kọ ọ́ dúró sí nígbà náà? Ṣé ní ibùdó ogun ni, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ni, tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ ní òkèèrè? Wọlé Ṣóyínká kọ The Man Died ní 1972 lẹ́yìn tí ìjọba ti tì í mọ́lé láti 1967 títí di 1969, púpọ̀ nínú rẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàdúná níhìn-ín. Ogun tí ó rí láti inú yàrá ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ogun tí Adékúnlé rí ní Calabar.

Èkejì, nígbà wo ni ó kọ ọ́, ta ni ó sì ti kú nígbà náà tí kò lè dáhùn mọ́?

Ẹ̀kẹta, ta ni ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ tí kò sí? Ìbéèrè bàbá aránṣọ nìyí, òun ni ó sì wúwo jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

ÌWÉ TÍ KÒ TÍÌ SÍ

Ní báyìí, a ó kan ara wa. A ti ka ìwé àwọn ọ̀gágun, a ti ka ìwé àwọn onítàn. Níbo ni tiwa wà? Àwọn ọmọ Yorùbá wà ní Kàdúná ní 1966. Wọ́n wà ní Túdùn Wádà, wọ́n wà ní Kákúrì, wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Wọ́n rí i. Nígbà tí àwọn aládùúgbò ń sá lọ, ta ni ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé wọn tọ́jú? Ta ni ó fi ọmọ ọlọ́mọ pamọ́ sí ẹ̀yìn ilé? Ta ni ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tí ó sì dákẹ́? Ta ni ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ní owó pọ́ọ́kú, tí ó sì fi ṣe ọlá? A kò béèrè láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ìdí tí a kò fi kọ ìwé tiwa nìyí: ó rọrùn láti jiyàn lórí ọ̀gágun méjì ju pé kí á bi bàbá wa léèrè ohun tí òun ṣe lọ.

Àwọn tí ó lè dáhùn kò pọ̀ mọ́. Àwọn tí ó jẹ́ géńdé ní 1966 ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Àwọn tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà ìjà ọdún 2000 ní ìlú yìí náà ti ń hu ewú. Bí a bá jẹ́ kí èyí kọjá, àwọn ọmọ wa yóò máa ka ìwé tí ẹlòmíràn kọ, wọn yóò sì máa fi bá ara wọn jà.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ dá àbá mẹ́ta. Kí ẹgbẹ́ ra ìwé ìhà méjèèjì sínú àpótí ìwé wa, kí a má ra ti Ọbásanjọ́ láìra ti Alabi-Isama àti ti Madiebo. Kí akọ̀wé wa bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun tí àwọn àgbà rántí sílẹ̀, ní èdè Yorùbá, bí wọ́n bá ti sọ ọ́ gan-an, kí ó sì ṣe é ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan nílé. Ẹ rántí pé Johnson parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ó sọnù síbẹ̀. Ó kú ní 1901 láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tí ó kù, 1921 ni ó tó jáde, Obadiah náà sì ti kú. Díẹ̀ ni ó kù kí gbogbo rẹ̀ parun.

Àbá kẹta ni pé kí a bẹ bàbá aránṣọ pé, bí ó bá wù wọ́n, kí wọ́n wá sọ ti bàbá wọn fún wa, kí a kọ orúkọ náà sínú ìwé wa. A ti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn yóò rò ó. A kò sì ní kán wọn lójú. Ṣùgbọ́n a ti san owó aṣọ, àwọn ọ̀dọ́ wa méjèèjì ni a sì rán pé kí wọ́n lọ san án, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n sì bẹ bàbá.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹni tí ó bá ní bàbá tàbí ìyá àgbà nílé, kí ó lọ jókòó tì wọ́n lálẹ́ òní, kí ó sì béèrè. Akọ̀wé ń retí yín.